Ọwọ́ Tí Kò Kan Etí: Bí Wọ́n Ṣe Ń Wọn Àwọn Ọ̀dọ́ Eléré Rọ́gíbì

Ẹ̀yin òbí tí ẹ kàwé ní ilẹ̀ Yorùbá kí ẹ tó sọdá sí òkè òkun, tàbí tí àwọn òbí yín kàwé níbẹ̀, ó dá mi lójú pé ọ̀rọ̀ ọwọ́ àti etí kò ṣàjèjì sí yín. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí wọ́n mú wá sí ilé-ìwé ni kò ní ìwé ìbí. Olùkọ́ a ní kí ọmọ gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ gba orí kọjá, kí ó fi ìka kan etí òsì. Èyí tí ọwọ́ rẹ̀ bá kan etí, ó wọlé. Èyí tí tirẹ̀ kò bá kàn án, ó di ọdún tí ń bọ̀. Bàbá mi wà lára àwọn tí wọ́n dá padà. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí òun fi ọdún kan àti oṣù díẹ̀ jù lọ, wọlé lọ́jọ́ náà gan-an nítorí pé apá rẹ̀ gùn. Títí tí àwọn méjèèjì fi jáde ìwé mẹ́fà ni àbúrò fi ń ṣáájú ẹ̀gbọ́n ní kíláàsì, bàbá mi kò sì fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àwàdà títí ó fi darúgbó.

Ìtàn yìí padà wá sí mi lọ́kàn ní ìgbà òtútù ọdún 2023, nígbà tí ìyá kan, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, wá bá mi ní ìlú kan ní àríwá England níbi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú ìdílé. Ọmọkùnrin rẹ̀, ẹni ọdún 14, ti ń gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ rọ́gíbì líìgì ńlá kan fún nǹkan bí ọdún kan. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà. Wọ́n kọ lẹ́tà pé kí ó má wá mọ́, nítorí pé èsì àyẹ̀wò ara rẹ̀ kò dé òdiwọ̀n tí wọ́n fi lélẹ̀ fún ọjọ́ orí rẹ̀. "Àǹtí," ni ìyá náà wí, "òdiwọ̀n wo? Ta ló fi í lélẹ̀? Ọmọ yìí kò jẹun alẹ́ mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti fi irin fún awọ ikùn rẹ̀ tí wọ́n ní ọ̀rá rẹ̀ pọ̀." Mo jẹ́wọ́ fún un pé n kò ní ìdáhùn lọ́jọ́ náà. Ohun tí mo wá kà lẹ́yìn rẹ̀ ni mo fẹ́ kó kalẹ̀ fún yín, nítorí mo mọ̀ pé ọmọ wa tí ń wọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ń pọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Rọ́gíbì líìgì kì í ṣe rọ́gíbì tí wọ́n ń gbá ní àwọn ilé-ìwé ọmọ olówó. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 1895, àwọn aṣojú ẹgbẹ́ láti Yorkshire àti Lancashire pàdé ní Hòtẹ́ẹ̀lì George ní Huddersfield, wọ́n sì yà kúrò lábẹ́ àwọn aláṣẹ rọ́gíbì tó wà ní gúúsù. Owó ló dá ìjà sílẹ̀. Awakùsà tàbí òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ tí ó bá fi iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé sílẹ̀ láti lọ gbá bọ́ọ̀lù pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn ẹgbẹ́ àríwá fẹ́ san án fún un, àwọn aláṣẹ sì yarí. Ní 1906, wọ́n dín iye eléré kù láti 15 sí 13. Nígbà tó di 1908, wọ́n ti ń du ife rẹ̀ ní Sydney ní Australia. Eré ọmọ òṣìṣẹ́ ni láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ara tó le sì ni ohun kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ní láti tà.

Fún ìgbà pípẹ́, kò sí òdiwọ̀n kankan ju ojú àgbà lọ. Ẹni tí ẹgbẹ́ rán jáde a dúró sí etí pápá, a wo ọmọ tó ń sáré, a béèrè irú ènìyàn tí bàbá rẹ̀ jẹ́, ọ̀rọ̀ bùṣe. Òfin eré náà sì fẹ́ràn ẹni ńlá. Kí ó tó di 1966, ẹgbẹ́ tó bá ní bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ lè dì í mú fún iye ìgbà tó bá wù ú, bí wọ́n tilẹ̀ ń gbá wọn lulẹ̀ lemọ́lemọ́. Ní 1966, wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin péré; ní 1972, wọ́n sọ ọ́ di ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, bẹ́ẹ̀ ló sì wà di òní. Ní 1993, wọ́n tún pàṣẹ pé kí àwọn tí ń ṣọ́ ilé sún sẹ́yìn mítà 10 dípò 5 ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá tún fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ojú inú wo ohun tí èyí túmọ̀ sí: ẹ sáré wá pàdé ẹni ńlá, ẹ gbé e lulẹ̀, ẹ dìde, ẹ sáré padà sẹ́yìn mítà 10, ẹ tún sáré wá. Ẹni tó tóbi tí kò lè sáré padà wá di ẹrù fún ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti inú àwọn òfin wọ̀nyí ni òdiwọ̀n èémí àti eré sísá ti wọlé.

Ẹnì kan wà, síbẹ̀, tó ti rí ọ̀nà náà kí òfin tó yí padà, ènìyàn dúdú sì ni. Roy Francis, tí wọ́n bí ní Wales ní 1919, wọ ẹgbẹ́ Wigan nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 17. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, iṣẹ́ kíkọ́ àwọn sójà ní eré ìdárayá ni ó ṣe nínú iṣẹ́ ológun. Wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀ nínú àwọn tí yóò bá Great Britain lọ sí Australia ní 1946. Ohun tí gbogbo ènìyàn gbà ni pé nítorí àwọ̀ ara rẹ̀ ni, kí àwọn ará ibẹ̀ má bàa bínú. Ó gbá fún Great Britain ní 1947, ṣùgbọ́n ipa tí ó kó lẹ́yìn tí ó di olùkọ́ni ní Hull ni mo fẹ́ kí ẹ fiyè sí. Ó kọ́ àwọn ènìyàn ńlá ní bí wọ́n ṣe ń sáré bí eléré ìje. Ó ń fi fíìmù hàn wọ́n kí wọ́n lè rí àṣìṣe wọn. Ó bìkítà fún aya àti ọmọ wọn, nítorí ó gbà pé ẹni tí ilé rẹ̀ kò tòrò kò lè sáré. Hull gba ife-ẹ̀yẹ líìgì ní 1956 àti 1958 lábẹ́ rẹ̀, Leeds sì gba ife Challenge Cup ní Wembley ní 1968. N kò mọ ìdí tí a kì í fi kọ́ àwọn ọmọ wa ní orúkọ ọkùnrin yìí.

Ní 1961, ọ̀dọ́ kan láti Cardiff wá fara hàn fún àyẹ̀wò. Clive Sullivan ni. Nígbà tó wà ní kékeré, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́pọ̀ ìgbà, ní ẹsẹ̀, orúnkún àti èjìká, àwọn dókítà sì rò pé bóyá ni yóò lè rìn dáadáa. Bradford Northern kọ́kọ́ wò ó, wọn kò mú un. Hull, níbi tí Francis wà, fi í sí pápá láìdárúkọ rẹ̀, ó sì gba bọ́ọ̀lù kọjá ìlà àwọn alátakò lẹ́ẹ̀mẹ́ta ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ọdún 11 lẹ́yìn náà, ní 1972, òun ni ó ṣíwájú Great Britain nígbà tí wọ́n gba Ife Àgbáyé ní Lyon ní ilẹ̀ Faransé, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ ọ̀gá ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè Britain nínú eré ìdárayá èyíkéyìí. Ó kú ní 1985, ẹni ọdún 42. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń wakọ̀ wọ Hull láti ìwọ̀-oòrùn, ojú ọ̀nà tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni ẹ ń gbà. Mo máa ń bi ara mi léèrè pé bí ó bá jẹ́ pé irú tábìlì òdiwọ̀n tí wọ́n fi dá ọmọ ìyá yẹn padà ni wọ́n gbé ka iwájú Sullivan ní ọmọ ọdún 14, èwo nínú àwọn ìlà rẹ̀ ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ì bá kọjá.

Tábìlì náà dé lẹ́yìn tirẹ̀. Ní 1982, Luc Léger ní Yunifásítì Montreal ní Kánádà gbé àyẹ̀wò kan jáde tí kò ju pápá mítà 20 àti kásẹ́ẹ̀tì kan lọ. Kásẹ́ẹ̀tì ń dún, ọmọ ń sáré lọ sáré bọ̀ kí ó tó tún dún, ìró náà sì ń yára sí i ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú títí tí ọmọ kò fi ní lè bá a mọ́. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè dán ọmọ 30 wò lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tí ó fi tàn ká ayé. Láti Denmark ni irú èyí tí Jens Bangsbo ṣe ti wá ní àwọn ọdún 1990, tí ó fún eléré ní ìṣẹ́jú-àáyá 10 láti mí kí ó tó tún sáré, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni eré bọ́ọ̀lù gan-an ṣe rí. Wọ́n tún ń wọn eré sísá mítà 10, 20 àti 40, fífò sókè láti orí ìdúró, gíga, ìwọ̀n ara, àti ọ̀rá abẹ́ awọ. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Ẹni tí yóò ko ènìyàn oníkìlógíráàmù 100 lójú gbọ́dọ̀ le lára, àyẹ̀wò tó dára a sì máa gba ọmọ lọ́wọ́ ìpalára.

Ṣùgbọ́n irin tí wọ́n fi ń fún awọ yẹn gún mi lọ́kàn nígbà tí mo mọ ibi tí ó ti wá. Orúkọ rẹ̀ ni Harpenden. Ìlú kan ni Harpenden, ní àríwá London, níbi tí ilé àwọn ọmọ tí kò sí lọ́dọ̀ òbí wọn wà. Láti ìparí àwọn ọdún 1940 ni dókítà James Tanner àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń lọ síbẹ̀ láti wọn àwọn ọmọ náà, lọ́dọọdún, gíga wọn, ìwọ̀n wọn, ọ̀rá wọn, wọ́n sì ń ya fọ́tò ara wọn níhòòhò. Èmi tí mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ìtọ́jú ọmọ, mo mọ ohun tí ó túmọ̀ sí pé kò sí ìyá nítòsí tí yóò béèrè pé kí ni ẹ fẹ́ fi èyí ṣe. Ara àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ni ayé fi mọ púpọ̀ nínú ohun tí ó mọ̀ nípa bí ọmọ ṣe ń dàgbà. Ohun tí Tanner sì rí níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọkùnrin tí ọjọ́ orí wọn bára mu lè jìnnà síra gan-an ní ìdàgbàsókè. Ọ̀kan ti di ọkùnrin tán ní ọdún 14. Èkejì ṣì jẹ́ ọmọdé, yóò sì bá a láìpẹ́. Irin rẹ̀ ni wọ́n mú wá sí orí pápá, wọ́n fi ìkìlọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ̀rí èyí kò pẹ́ kó tó hàn. Ní 1985, Roger Barnsley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà ṣàkíyèsí pé àwọn tí wọ́n bí ní oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún pọ̀ lọ́nà tó yani lẹ́nu láàárín àwọn eléré họ́kì orí yìnyín, nítorí pé ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ni wọ́n fi ń pín ọjọ́ orí. Ní England, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ni ààlà ní rọ́gíbì líìgì àwọn ọmọ, gẹ́gẹ́ bíi ti ilé-ìwé. Ọmọ tí a bí ní oṣù kẹsàn-án fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọdún kan ju ẹni tí a bí ní oṣù kẹjọ tí ń tẹ̀ lé e lọ, wọ́n sì wà ní ẹgbẹ́ kan náà. Ní 2010, Kevin Till àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leeds fi hàn pé ohun kan náà ń ṣẹlẹ̀ nínú rọ́gíbì líìgì ní Britain, pàápàá láàárín àwọn ọmọ tí wọ́n ń yàn fún ẹgbẹ́ ìpínlẹ̀ àti ti orílẹ̀-èdè. Nígbà tí wọ́n tún wo ẹ̀yìn wò ní àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n rí i pé ẹni tí ó tóbi jù ní ọdún 13 kọ́ ni ó máa ń di eléré tí ń gbowó. Púpọ̀ nínú àwọn tó débẹ̀ ni ìdàgbàsókè wọn pẹ́, tí wọ́n sì tẹ̀ síwájú gan-an láàárín ọdún 13 sí 15. Ọmọ ìyá yẹn? Oṣù keje ni wọ́n bí i. Kò sí ẹni tó béèrè.

Àwọn olùkọ́ni kan ti gbìyànjú láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ní 2002, Robert Mirwald àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìṣirò kan jáde tí ó ń lo gíga, gíga ìjókòó, ìwọ̀n ara àti ọjọ́ orí láti fojú díwọ̀n bí ọmọ ṣe jìnnà tó sí ìgbà tí yóò ga yára jù. Ó wúlò, ó sì sàn ju lílo ọjọ́ orí nìkan. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Kánádà àti ti Bẹ́ljíọ̀mù ni wọ́n fi gbé e kalẹ̀. Àwọn ọmọ tí ìran wọn ti Áfíríkà wá sábà máa ń gùn lẹ́sẹ̀ ju bí wọ́n ṣe gùn ní àyà lọ, ìṣirò tí ó gbára lé gíga ìjókòó sì lè ṣi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wọ̀n. Ẹ ò rí i pé ọwọ́ àti etí ni a tún padà sí.

Ìwọ̀n mìíràn wà tí kò sí nínú tábìlì kankan. Ní 1995, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Leeds Metropolitan ṣe ìwádìí nípa ẹlẹ́yàmẹ̀yà nínú rọ́gíbì líìgì, wọ́n sì rí i pé ipò wíńgì, ní etí pápá lọ́hùn-ún, ni àwọn eléré dúdú pọ̀ sí jù. Kò sí ìtìjú nínú wíńgì. Ibẹ̀ ni Sullivan ti ṣe orúkọ, ibẹ̀ náà ni Martin Offiah, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, ti dáná sun pápá fún Widnes àti Wigan. Ohun tí mo ń wí ni pé bí àwọ̀ ọmọ bá ti sọ fún olùkọ́ni pé eré sísá ni iṣẹ́ rẹ̀, wọn yóò fi eré sísá nìkan dán an wò, wọn kò sì ní wò bóyá ó ní ojú tí ń rí àlàfo. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ náà a tún dojú kọ ọ̀nà kejì. Ọmọ wa tó bá ga ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àwọn òbí ẹgbẹ́ kejì a bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè jẹ́ òótọ́. Mo ti dúró létí pápá nígbà tí bàbá kan ń béèrè fún ìwé ìrìnnà ọmọ ọdún 12 tí wọ́n bí ní ilé ìwòsàn tí kò ju máìlì méjì lọ sí ibẹ̀.

Ní ti kíkéré, ẹ rántí Rob Burrow ti Leeds. Gíga rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 165, láti kékeré ni wọ́n sì ti ń sọ fún un pé kò lè débì kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá fún Leeds ní 2001, ó sì gba ife Super League lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ó kú ní oṣù kẹfà ọdún 2024 nípa àìsàn iṣan tí ó fi gbogbo ìlú sínú ọ̀fọ̀. Abẹ́rẹ́ kéré lóòótọ́, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Mo gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ ìlera kan kún un, ẹ má sì gbójú fò ó. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà ni ó jẹ́ AS. AS kì í ṣe àìsàn, kò sì yẹ kí ó dí ọmọ lọ́wọ́ eré. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò tí ó ní kí ọmọ sáré títí tí kò fi ní lè dúró mọ́ lè wu irú ọmọ bẹ́ẹ̀ léwu, pàápàá bí ooru bá mú tàbí tí omi ara rẹ̀ bá dínkù. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀dọ́ kan tí ń jẹ́ Dale Lloyd, tí ó jẹ́ AS láìmọ̀, kú ní 2006 lẹ́yìn eré ìdárayá ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù yunifásítì rẹ̀. Láti 2010 ni àwọn aláṣẹ eré yunifásítì níbẹ̀ ti ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn eléré ìpele gíga wò. Bí ẹ kò bá mọ ti ọmọ yín, ẹ béèrè lọ́wọ́ dókítà. Bí ẹ bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ ọ́ fún olùkọ́ni kí ó tó fọn fèrè: ọmọ tó bá ní ara òun kò yá, kí wọ́n jẹ́ kó dúró, kí wọ́n fún un lómi, kí ẹnikẹ́ni má pè é ní ọ̀lẹ.

Èmi àti ìyá náà padà kọ lẹ́tà sí ẹgbẹ́ yẹn. A kò bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gba ọmọ padà. A béèrè oṣù tí wọ́n bí àwọn ọmọ tí wọ́n fi ṣe òdiwọ̀n, bóyá wọ́n ṣírò ìdàgbàsókè ọmọ wa kí wọ́n tó fi í wé ẹlòmíràn, ẹni tí ó wọn ọ̀rá rẹ̀, àti ìdí tí wọ́n fi ka nọ́ńbà náà sókè lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Èsì wọn gùn, ó sì níwà ọmọlúàbí. Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn nìkan ni wọ́n dáhùn: wọ́n ní wọn kò ní ka nọ́ńbà ọ̀rá ọmọ sókè ní gbangba mọ́.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ pẹ́ ju ti lẹ́tà lọ. Ó gba oṣù mélòó kan, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì ilé-ìwé rẹ̀ àti sùúrù ìyá rẹ̀, kí ọmọ náà tó tún jókòó síbi oúnjẹ alẹ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kan tí mo lọ kí wọn, mo sọ ìtàn bàbá mi fún un. Ó gbé ọwọ́ gba orí kọjá, ọwọ́ náà kan etí ó sì tún kọjá, ó ní, "Àǹtí, ṣé ohun tí wọ́n fi wọlé ní tòótọ́ nìyí?" Ẹgbẹ́ ńlá náà kò pè é padà. Ó ń gbá fún ẹgbẹ́ àdúgbò ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sunday, kì í ṣe ní wíńgì, ní àárín gbùngbùn pápá níbi tí wọ́n ti ń pín bọ́ọ̀lù. Ìyá rẹ̀ a máa gbé mọ́ínmọ́ín wá sí etí pápá, àwọn ọmọ Òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti mọ̀ ọ́n jẹ.